Àwo Ọba, Àwo Òrìṣà

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tó wà ní Dansoman, ní apá ìwọ̀ oòrùn ìlú Accra, níbi tí àwa Yorùbá ti ń bá àwọn Gã, Akan àti Ewe gbé nínú àwọn ilé tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní nǹkan bí 50 ọdún sẹ́yìn, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan a máa dúró ní pálọ̀, tí àwo tánganran olódòdó, tí a fi wúrà kùn létí, yóò tò sínú rẹ̀ bí àwọn ìjòyè tó jókòó níwájú ọba, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní fi wọ́n jẹun láti oṣù dé oṣù. Ọmọ ilé ń fi ike jẹun, bàbá ilé ń fi páànù jẹun, àwọn àwo wọ̀nyí sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń retí pásítọ̀, àáfà tàbí àna. Bí àlejò pàtàkì bá dé, a ó kó wọn jáde, a ó nù wọ́n, a ó bu ìrẹsì sí wọn. Bí àlejò bá sì ti kọ ẹ̀yìn, a ó fọ̀ wọ́n, a ó sì tún tì wọ́n mọ́lé. Èmi kò fi èyí ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé ìbéèrè ńlá kan wà nídìí rẹ̀, èyí tí àwọn onígbàgbọ́, àwọn Mùsùlùmí àti àwọn olórìṣà ti dáhùn, tí ìdáhùn wọn kò sì dọ́gba. Kí ni ó ń fún àwo ní ọlá? Ṣé ọwọ́ tó mọ ọ́n ni, àbí ẹni tó ni ín, àbí ohun tí a bù sínú rẹ̀? Bí ó bá sì ṣe pé owó tí a fi rà á kò mọ́ ńkọ́, ǹjẹ́ ẹwà rẹ̀ lè wẹ̀ ẹ́ mọ́?

Àwọn ọba Yúróòpù ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè, nítorí pé àwọn ni ó sọ àwo oúnjẹ di ohun tí a fi ń díwọ̀n agbára. Tánganran kì í ṣe ohun àbáláyé lọ́dọ̀ wọn. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, tí àwọn Òyìnbó ń rà á lọ́wọ́n gógó tí wọn kò mọ àdììtú rẹ̀. Augustus tí wọ́n ń kì ní Alágbára, tó jẹ ní Saxony ní ilẹ̀ Jámánì tó sì tún jọba ní Pólàǹdì, fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi pe ìfẹ́ náà ní àìsàn. Ọba yìí há ọ̀dọ́mọkùnrin kan mọ́lé, Johann Friedrich Böttger, ẹni tó ti fọ́nnu pé òun mọ bí a ti ń sọ irin lásán di wúrà. Wúrà kò jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti ọ̀mọ̀wé tó ń jẹ́ von Tschirnhaus jọ ṣe é títí, àṣírí amọ̀ funfun náà tú sí wọn lọ́wọ́ ní 1708, ilé iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní Meissen ní 1710. Ẹni tó wá wúrà lọ ni ó bá amọ̀ bọ̀, ọba kò sì bínú, nítorí pé wúrà ni amọ̀ náà lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí n kò lè gbójú fò nínú ìtàn ọba yìí ni ti ọdún 1717, nígbà tí ó kó 600 jagunjagun fún Frederick William, ọba Prussia, tí ó sì gba 151 àwo àti ìkòkò ilẹ̀ Ṣáínà dípò wọn. Àwọn ọkùnrin náà lọ di ọmọ ogun ọba mìíràn, àwọn ìkòkò gíga tó wà nínú ọjà náà sì ń jẹ́ orúkọ wọn títí di òní. Àwa tí a ń gbé etíkun yìí, tí a ti gbọ́ bí a ti ń fi ènìyàn gba ìbọn, ọtí àti ìlẹ̀kẹ̀, lè máa rò pé ara aláwọ̀ dúdú nìkan ni a ti ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ọkàn ọba bá ti gbà pé ohun èlò lè wúwo ju ènìyàn lọ lórí òṣùwọ̀n, àwọ̀ ẹni tí yóò gun òṣùwọ̀n náà kò ṣòro láti yàn mọ́.

Ẹni tó bá kúrò ní Dansoman tó gba etíkun lọ sí apá ìlà oòrùn yóò kọjá Chorkor àti Korle Gonno, yóò sọdá ọ̀sà Korle, yóò sì la James Town kọjá, níbi tí àdúgbò Ngleshie Alata wà, tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń sọ ti àwọn tó wá láti apá Àlàdá wá bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ odi, kí ó tó dé Osu, níbi tí odi funfun ńlá kan dúró lórí àpáta tí ìgbì ń lù ú lẹ́sẹ̀. Christiansborg ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Dẹ́nmáàkì ni ó kọ́ ọ ní 1661, wọ́n sì dì í mú, bí a bá yọ ìgbà díẹ̀ sílẹ̀, títí wọ́n fi tà á fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Àwọn ọkọ̀ òkun wọn kó ènìyàn tó lé ní 100,000 kúrò ní etíkun Áfíríkà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ni ó sì ti abẹ́ odi yìí kọjá lọ sí erékùṣù Saint Croix àti Saint Thomas láti lọ gé ìrèké.

Ní 1790, nígbà tí òwò yìí ń lọ ní pẹrẹu, Frederik, àrẹ̀mọ ọba Dẹ́nmáàkì, pàṣẹ fún ilé iṣẹ́ àwo tó wà ní Copenhagen, tí a dá sílẹ̀ ní 1775, pé kí wọ́n ṣe àwo oúnjẹ irú èyí tí ojú kò rí rí: kí a ya ewéko ilẹ̀ ọba sára àwo, láti orí òdòdó dé orí olú, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gbòǹgbò, ewé àti àwọ̀ rẹ̀, bí ó ti wà nínú ìwé ńlá Flora Danica tí Georg Christian Oeder bẹ̀rẹ̀ ní 1761, kí a sì kọ orúkọ ewéko kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn àwo rẹ̀. Ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òpìtàn ni pé Catherine, ọbabìnrin Rọ́ṣíà, ni wọ́n fẹ́ fi ta lọ́rẹ. Ọbabìnrin náà wàjà ní 1796, iṣẹ́ kò sì dúró. Johann Christoph Bayer ni ó ń ya á, òun nìkan ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ya gbogbo rẹ̀ fún ọdún 12, tí wọ́n ní ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ sí i, kí wọ́n tó ní kó tó ní 1802, nígbà tí iye àwo náà ti di 1,802. N kò ní parọ́: iṣẹ́ náà dára. Ẹni tó bá rí bí ó ti fi sùúrù tọ iṣan ewé kan láti ìdí dé orí yóò mọ̀ pé ìfẹ́ ni ọkùnrin náà fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a wá to àwọn ọdún wọ̀nyí lé ara wọn. Ní ọjọ́ 16 oṣù Ẹrẹ́nà 1792, ọba Dẹ́nmáàkì fi òfin lélẹ̀ pé kí òwò ẹrú orí òkun dópin, Dẹ́nmáàkì sì ń fi èyí yangàn títí di òní pé òun ló kọ́kọ́ ṣe é nínú àwọn ìjọba Yúróòpù tó ń ṣe òwò náà. Ṣùgbọ́n òfin kò ní múlẹ̀ títí di ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1803, kí àwọn olóko ìrèké lè rí àyè kó ẹrú jọ, pàápàá àwọn obìnrin tí yóò máa bímọ fún wọn, ìjọba sì ń yá wọn lówó tí wọn yóò fi rà wọ́n. Ọdún mẹ́wàá kan náà ni. Bí Bayer ti ń ya òdòdó kan lónìí tó sì ń bẹ̀rẹ̀ òmíràn lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ń yára kó ènìyàn ní Osu kí ọjọ́ tí a dá tó pé, ìjọba kan náà ni ó sì ń náwó sí iṣẹ́ méjèèjì, tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún pàṣẹ òdòdó, tó ń fi ọwọ́ òsì ka orí ènìyàn.

Ẹnìkẹta tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1799 wọ́n rán Peter Thonning, onímọ̀ ewéko, wá sí Osu, kí ó wá wò ó bóyá oko dídá lè rọ́pò òwò ẹrú, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1803, tó ń ká ewé àti èso káàkiri ilẹ̀ Gã àti agbègbè rẹ̀, tó sì ń kọ ìlò wọn sílẹ̀. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n Schumacher ti ṣe ìwé kan lórí ewéko ilẹ̀ Gíní ní 1827. Igi ọdán tí a ń gbìn sójú ọjà nítorí ibòòji rẹ̀, àti abàfẹ̀ inú ọ̀dàn wa, orúkọ Thonning ni àwọn onímọ̀ fi ń pè wọ́n káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n kò sí ewé kan láti Osu tó dé ara àwo. Ìwé Flora Danica gba ewéko Norway, Iceland àti Greenland mọ́ra nítorí pé ilẹ̀ ọba ni wọ́n. Osu náà wà lábẹ́ ọba, Saint Croix náà wà lábẹ́ ọba, a kò sì ka koríko wọn kún un. Ibi tí owó ti ń wá kò yẹ ní fífi hàn lórí tábìlì.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1803, tí í ṣe ọjọ́ ìbí ọba Christian keje, wọ́n kó àwo náà jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Òfin tó ní kí òwò ẹrú dópin kò tíì lo oṣù kan. Súgà tí àwọn ará Dẹ́nmáàkì ń lá nígbà náà, láti Saint Croix ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, níbi tí a kò ti dá ẹrú kankan sílẹ̀ lápapọ̀ títí di 1848.

Ǹjẹ́ àwo jẹ̀bi? Ènìyàn lè sọ pé amọ̀ ni amọ̀, kò gbọ́, kò fọ̀, àti pé ẹni tó ń bá àwo ṣẹjọ́ fi ojú olè sílẹ̀ ó ń na àpò. Mo gbà bẹ́ẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n ìwà kan wà lára tánganran tí kò sí lára igbá àti ìkòkò wa: kì í mu nǹkan sára. Ìkòkò tí a ti fi se ẹ̀fọ́ fún ọdún mẹ́ta, bí a fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, òórùn irú kò ní kúrò lára rẹ̀. Tánganran, iná tó tó ìwọ̀n 1,400 ti Celsius ni a fi yan án títí ara rẹ̀ fi di bíi dígí, epo kì í wọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ kì í wọ̀ ọ́, àná kì í wọ̀ ọ́. A ó da omi lé e, a ó nù ún, yóò sì wò wá bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ó sì dà bíi pé ìdí nìyí tí ààfin fi fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ó ti funfun lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé (ẹ forí jì mí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a wà). Àwo tí kì í rántí, ó yẹ ẹni tí kò fẹ́ kí a rán òun létí.

Àwọn Mùsùlùmí ti gbé ìgbésẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìpìlẹ̀. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kọ̀ fún àwọn tó gbà á gbọ́ pé kí wọ́n má fi wúrà tàbí fàdákà jẹun, kí wọ́n má sì fi mu omi, nítorí pé ohun tí àwọn aláìgbàgbọ́ fi ń gbádùn ayé ni, tí a fi tiwa pamọ́ sí ọ̀run. Òfin tó dára ni, ó sì bu ọlá fún amọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: ní ààfin Topkapı ní Istanbul, àwọn ọba Mùsùlùmí kó àwo tánganran ilẹ̀ Ṣáínà tó lé ní 10,000 jọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí talákà kò lè fi ojú kàn. A ní kí ọkàn má fi wúrà jẹun, ọkàn dáhùn pé ó dára, ó sì sọ amọ̀ di wúrà.

Ní ti Pọ́ọ̀lù, nígbà tó ń kọ̀wé sí Tímótì, ó fi ilé ńlá kan ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí ohun èlò wúrà àti fàdákà wà pẹ̀lú ti igi àti ti amọ̀, tí àwọn kan wà fún ọlá tí àwọn mìíràn kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ yìí dùn mọ́ àwọn oníwàásù lẹ́nu, wọn yóò sì ní kí ìjọ pariwo pé ohun èlò wúrà ni àwọn. Ẹni tó bá kà á síwájú yóò rí i pé àpọ́sítélì kò fi ọlá sí ara wúrà rárá. Ẹni tó bá wẹ ara rẹ̀ mọ́ kúrò nínú àìtọ́ ni ó ní yóò di ohun èlò ọlá, ohun yòówù kí a fi mọ ọ́n.

Ó ku àwọn babaláwo. Wọ́n ní Ọbàtálá, alámọ̀ rere, ẹni tó ń dá ojú tó ń dá imú, ni ó ń mọ ara ènìyàn, àti pé Ajàlá ni ó ń mọ orí lọ́run. Ajàlá mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n onígbèsè ni, a máa sá gun àjà nítorí àwọn olówó tó ń sìn ín. Oríṣeékú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja wọ ilé rẹ̀ lọ, wọ́n mú orí tó dára lójú, tí wọn kò mọ̀ pé iná kò jinná dénú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń bọ̀ wá sílé ayé ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé wọn, orí sì ń jẹ kúrò díẹ̀díẹ̀. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà dé tirẹ̀, ó bá olówó ní ẹnu ọ̀nà tó ń retí Ajàlá, ó sì san gbèsè náà; ìgbà náà ni amọ̀kòkò sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, tó sì bá a yan orí tí òjò kò lè bà jẹ́. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn náà, a sì máa ń fi í kọ́ ọmọ pé kí ó má fi ojú yan nǹkan. Ohun mìíràn ni mo rí nínú rẹ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ wọlé wọ́n mú àwo, wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní gbèsè tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ béèrè gbèsè, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ san án, ni ó mú orí tó jinná lọ sílé.

Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, fífọ̀ kò ní ohun kan ṣe nínú ọ̀rọ̀ ìmọ́. A kò lè fọ ohun tí gbèsè wà lórí rẹ̀. A lè béèrè gbèsè náà nìkan, kí a sì wá ẹni tí a jẹ. Díẹ̀ nínú àwọn amọ̀kòkò Yúróòpù gbìyànjú rẹ̀. Josiah Wedgwood ará Gẹ̀ẹ́sì, tí Charlotte ọbabìnrin yọ̀ǹda kí ó máa fi orúkọ òun pe àwo rẹ̀, fi amọ̀ mọ àwòrán ẹrú kan tó kúnlẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n ní 1787, ó sì ń pín in kiri kí àwọn ènìyàn lè fi sára aṣọ. Ẹni tó ń ṣe àwo fún ààfin ni ó fi ọwọ́ kan náà mọ ẹni tí ààfin kò fẹ́ rí. Mo kan sáárá sí i. Síbẹ̀ ẹrú inú àwòrán náà ń bẹ̀bẹ̀ ni, lórí ìkúnlẹ̀, kò tíì jókòó sídìí tábìlì.

Ìjókòó yìí gan-an ni ó kù. Àwo ààfin, bí a ti ṣe é ni pé kí olúkúlùkù ní tirẹ̀, kí ipò kálukú sì hàn láti ibi tó jókòó sí dé ohun tó wà níwájú rẹ̀. Bí ọdún Homowo bá dé nílẹ̀ Gã, tí àwọn ọba bá ti wọ́n kpokpoi sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá, ẹbí á pé jọ sídìí abọ́ kan ṣoṣo, ọwọ́ àgbà àti ọwọ́ ọmọdé, ọwọ́ onílé àti ọwọ́ àtọ̀húnrìnwá, yóò sì pàdé nínú ọbẹ̀ ẹyìn kan náà. Kò sí ẹni tó lè jẹ àjẹìwẹ̀yìn níbẹ̀, nítorí pé ojú gbogbo ènìyàn ni ìsàlẹ̀ abọ́ wà.

Odi Osu fúnra rẹ̀ ti rí àyípadà ìjókòó lẹ́ẹ̀kan rí. Ní 1693, Asameni, oníṣòwò ará Akwamu, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọlé bí ẹni tó fẹ́ ra ìbọn, wọ́n ki ìbọn náà tán, wọ́n sì fi gba odi lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Fún nǹkan bí ọdún kan ni ó fi wọ aṣọ gómìnà, tó sì ń se àsè fún àwọn ọ̀gákọ̀ Òyìnbó tó ń bọ̀ wá kí i. Nígbà tó tún odi tà padà fún àwọn onílé àná, kò dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà. Ọwọ́ àwọn Akwamu ni ó wà títí di òní. Wàyí o, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, Rachel Ama Asaa Engmann àti àwọn ará Osu tó jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn Dẹ́nmáàkì àti àwọn obìnrin Gã tó bímọ fún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ yí odi náà ká, lára ohun tí wọ́n sì hú jáde ni àfọ́kù àwo ilẹ̀ òkèèrè. Àpáàdì ló tó ko iná lójú. Àwo tó pé pérépéré ní Copenhagen kò lè sọ ohun tí àfọ́kù wọ̀nyí ń sọ, nítorí pé àwọn wọ̀nyí ti pàdánù dídán tí kò jẹ́ kí ohunkóhun lẹ̀ mọ́ wọn, ilẹ̀ Osu sì ti wọ inú ojú ọgbẹ́ wọn lọ.

Ibi tí a ti dáhùn ìbéèrè yìí jù lọ lójú tèmi jìnnà sí Osu, ọwọ́ àwọn ènìyàn wa ni ó sì wà. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun fọ́n ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àìmọye ọmọ wa ni a tà sí Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lukumí, tí wọ́n sì gé ìrèké títí oko ẹrú fi kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ ní 1886. Àwọn olóko Havana àti Matanzas, bí wọ́n bá fẹ́ jẹun bí ọba, a máa gbé àwo ọbẹ̀ ńlá oníderí kan sáàárín tábìlì, tánganran tó ti ilẹ̀ Faransé tàbí Jámánì wá, tó ga, tó lọ́wọ́ méjì, tó ní òdòdó lára àti wúrà létí. Sopera ni wọ́n ń pè é. Ọmọbìnrin Ẹ̀gbádò tàbí Ọ̀yọ́ tó ń gbé e láti ilé ìdáná dé tábìlì mọ bí ó ti wúwo tó. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọta àwọn òrìṣà, tó ti wà nínú igbá, ìkòkò àti ọpọ́n láti ilé, bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú sopera. Ọbàtálá mú èyí tó funfun láìní àbàwọ́n. Yemọja mú aláwọ̀ omi òkun. Ọ̀ṣun, òyéyé ní mọ̀, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, mú èyí tó pọ́n bí ìyeyè tó fi wúrà lé e. Lónìí, kò sí ilé òrìṣà tó gbọ́ tara rẹ̀ ní Kúbà tí sopera kò sí lórí pẹpẹ rẹ̀.

Àwọn kan á ní wọ́n ń fara wé ọ̀gá wọn ni: pé ẹrú rí ohun ọlá lójú olówó rẹ̀, ó sì fi ṣe ẹ̀ṣọ́ fún òrìṣà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi tánganran ṣe ẹ̀ṣọ́ pálọ̀. Bí ó bá jẹ́ fún ẹ̀ṣọ́ ni, a kì bá fi omi ẹ̀rọ̀ sínú rẹ̀, a kì bá da ẹ̀jẹ̀ ẹyẹlé lé ọta inú rẹ̀ lórí, a kì bá sì dé e pa kí ẹni tí kò ṣe awo má bàa rí inú rẹ̀. Ohun tí tábìlì ọ̀gá fi gbogbo dídán rẹ̀ bò mọ́lẹ̀ ni àwọn ìyálórìṣà Lukumí kó sínú àwo ọ̀gá: òkúta tó wúwo, tó ti gba orúkọ, tó rántí ẹni tó bọ ọ́ láti ìran dé ìran. Tánganran kì í rántí nǹkan. Wọ́n fún un ní ohun tí yóò máa bá a rántí. Ẹni tí a fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ra àwo náà ni ó wá ń pinnu ohun tí àwo yóò jẹ, ìgbà tí yóò jẹ ẹ́, àti ẹni tí yóò kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Èyí, ní ìdájọ́ tèmi, sún mọ́ sísan gbèsè ju òfin 1792 lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣì ń ṣiyèméjì pé àfarawé ni, kí ó lọ wo Ṣàngó. Nínú àwọn òrìṣà wọ̀nyí, Ṣàngó ni ó jẹ ọba ní Ọ̀yọ́, Olúkòso, ọkọ Ọya, ẹni tí ìbá kọ́kọ́ gba àwo ààfin bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti pé kí òrìṣà dọ́gba pẹ̀lú àwọn ọba Yúróòpù. Kò gbà á. Ní Havana bí ó ti rí ní Ọ̀yọ́, inú ọpọ́n igi ni ẹdùn àrá rẹ̀ wà, lórí odó tí a dojú rẹ̀ dé, sopera àwọn òrìṣà tó kù sì yí i ká.